Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe míìsì orin tó máa dún gidi nínú fóònù, nínú kọ̀rọ̀pẹ̀ àti lóde ìnáwó

Ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń bi mí ṣáá, ẹ̀yin ará Ìkòròdú, látorí ẹni tó ní sítúdíò kékeré ní Agric títí dórí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀ n'Ígbógbó: "Ẹ̀gbọ́n, orin yìí dùn gan-an nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù mi, àmọ́ nígbà tí dírẹ́bà kọ̀rọ̀pẹ̀ fi sí i bá a ṣe ń lọ Ìjẹ̀dẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn mọ́, béèsì ti bo gbogbo ẹ̀." Ó dáa, mo ti kọ ọ́ síbì kan báyìí, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe míìsì (dída ohùn àti ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ di orin kan) tẹ̀lé ara ẹ̀ àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Láptọ́ọ̀pù kan àti hẹ́ẹ̀dìfóònù kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. FL Studio o, Cubase o, Reaper o, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé torí sọ́fíwíà ni orin yín ò fi dún.

Ohun kan kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: orin tiwa, ọ̀rọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Olórin ń sọ̀rọ̀, onígángan náà ń sọ̀rọ̀. Míìsì tí èèyàn ò bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kò tíì parí, bó ti wù kí béèsì ẹ̀ máa mi ilé tó.

## Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fader (bọ́tìnnì fólúùmù) kankan

- Fáìlì WAV ni kẹ́ ẹ gbà, kì í ṣe MP3. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kí wọ́n gbé e sórí Google Drive.
- 24-bit, 44.1 tàbí 48 kHz. Èyí tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́.
- Gbogbo tíràkì (ohùn tàbí ìlù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀) gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà, àní èyí tí ò wọlé títí di ìparí orin.
- Ẹ kọ orúkọ sí tíràkì. "Audio 14" ò sọ nǹkan kan fún yín. "Gángan", "omele", "alágbè", "elégbè obìnrin 2", ìyẹn lẹ máa rí tẹ́ ẹ máa mọ̀.
- Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sórí hard drive míì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ tíràkì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ máa wá àbùkù. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ó máa ń dùn mí o, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin tí agbára ẹ̀ tó 1,320 megawatt wà níbí n'Íjẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ jẹ́nẹ́ la fi ń gba orin sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ariwo yẹn pín sí méjì, ẹ má pò wọ́n pọ̀ torí oògùn wọn ò jọra. Èyí tó ń kùn "hùùùn" láìdáwọ́ dúró, inú wáyà ló gbà wọlé, ìdí ẹ̀ wà ní 50 Hz (ó ń gbọ̀n nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) torí pé 50 Hz ni iná Nàìjíríà, ẹ ẹ́ tún bá a ní 100, ní 150, ní 200. Ẹ fi EQ (ohun tó ń gbé apá kan ìró sókè tàbí sílẹ̀) tó tẹ́ẹ́rẹ́ gé ojú ibẹ̀ nìkan. Èyí tó jẹ́ ìró ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé, EQ ò lè yọ ọ́, torí ibi gbogbo ló fọ́n ká sí. Ẹ gé ibi tí olórin ti dákẹ́ dànù, tó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ pe olórin padà kó wá tún un kọ, kẹ́ ẹ sì pa jẹ́nẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó máa fi kọ ọ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé e. Mo mọ̀ pé olórin máa ráhùn. Kó ráhùn, ó sàn ju kẹ́ ẹ fi gbogbo òru máa gbá plugin (ohun èlò inú sọ́fíwíà) lé ariwo.

## Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: fólúùmù lásán

1. Ẹ fa gbogbo fader wálẹ̀ pátápátá. Kí plugin kankan má sí lórí master (ibi tí gbogbo tíràkì ti ń pàdé).
2. Ẹ fi gain (agbára tí ìró fi ń wọlé), kì í ṣe fader, mú tíràkì kọ̀ọ̀kan dé ibi táá ti máa rìn ní nǹkan bíi -18 dB (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe pọ̀ tó) lórí meter, tó bá fò sókè kó má kọjá nǹkan bíi -10.
3. Ẹ yí master sí mono (òsì àti ọ̀tún á di ìró kan ṣoṣo).
4. Ẹ rẹ sípíkà sílẹ̀ débi tẹ́ ẹ fi lè bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ láìpariwo.
5. Ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sókè. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbé nǹkan tó ń gbé orin yẹn rìn: fún fújì, gángan àti ìlù yòókù, fún orin àwọn ọmọ àdúgbò, kick (ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀) àti béèsì, fún orin ìjọ, kíbọ́ọ̀dù.
6. Ẹ máa kó àwọn tó kù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá kó nǹkan tuntun wọlé tí ọ̀rọ̀ olórin ò já geere mọ́, nǹkan tuntun yẹn ló ga jù. Ẹ fà á wálẹ̀. Ẹ má gbé ohùn sókè.
7. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti pé, kí ibi tó ga jù lórí master má kọjá -6 dB.

Nọ́ńbà 6 yẹn gan-an ló ya àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ́tọ̀. Ẹ ò gbọ́ ohùn, ẹ gbé ohùn sókè, gìtá wá sá, ẹ gbé gìtá sókè, béèsì náà ò wá hàn mọ́, ẹ gbé béèsì sókè, ká tó wí ká tó fọ̀, iná pupa ti ń tàn lórí master, gbogbo wọn ń pariwo bí ìpàdé ẹbí tí kò ní alága, ẹ ò sì tíì gbọ́ ohùn náà. Ẹ fà wọ́n wálẹ̀.

Bí ẹ sì ṣe ń rẹ fólúùmù sípíkà sílẹ̀ yẹn, ó nídìí. Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ nípa ìró, fi hàn n'Ílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1933 pé tí ìró bá lọ sílẹ̀, etí èèyàn kì í gbọ́ béèsì àti ìró tó tín-ín-rín jù bó ṣe ń gbọ́ àárín, tí ìró bá sì pọ̀, wọ́n á jọ wá síta. Ìdí nìyẹn tí orin gbogbo fi máa ń dà bíi pé ó dùn tó bá ń pariwo. Èyí tó bá dùn nígbà tó rọlẹ̀ ni míìsì ẹ̀ dáa. Yàtọ̀ síyẹn, etí yín ni irinṣẹ́ yín: ìró tó tó 85 dB, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ làwọn elétò ààbò iṣẹ́ fi sí i, tó bá sì fi 3 dB lé sí i, wákàtí mẹ́rin péré ló kù.

Ẹ lo odidi wákàtí kan lórí fólúùmù lásán, kò pọ̀ jù. Tí míìsì ò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn tán níbí, plugin ò ní gbà á sílẹ̀.

## Gángan: ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bà á jẹ́

Mo fẹ́ dúró síbí dáadáa torí pé fídíò táwọn òyìnbó ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí ìlù tiwọn ni wọ́n ń bá wa sọ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gé láti 200 dé 400 Hz dànù, pé ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gángan kẹ́ ẹ wá gbọ́ nǹkan tó kù: "kó, kó, kó", ìró kọ̀ǹgọ́ lórí awọ, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ìlù yẹn ṣe ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀ nígbà tí onílù bá fún ọsán, agbègbè yẹn ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń gbé.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé:

1. Ẹ pe onílù, ẹ bi í pé kí ló ń sọ níbí, kí ló ń sọ lọ́hùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tó wà. Oríkì ẹni tó gbé orin jáde lè wà níbẹ̀, òwe tó ń dá alágbè lóhùn lè wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tó ń sọ, ọwọ́ yín á yàtọ̀ lórí fader.
2. Ẹ gé ìsàlẹ̀ 60 Hz dànù wẹ́rẹ́, kò sí nǹkan gángan níbẹ̀.
3. Tó bá ń há mọ́ ibì kan láàárín 200 sí 400 Hz, ẹ wá ẹni tí wọ́n jọ ń jà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù ni lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà míì gìtá. Òun ni kẹ́ ẹ gé, 2 sí 4 dB, kẹ́ ẹ fi ìlù sílẹ̀.
4. Ìró kọ̀ǹgọ́ sábà máa ń wà láàárín 2 sí 4 kHz. Tó bá ń gún etí, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ má pa á, òun ló ń jẹ́ kí ìlù hàn nínú fóònù.
5. Compressor (ó ń fa ibi tó pariwo jù wálẹ̀): ratio (bó ṣe ń fà á tó) 2:1 tàbí 3:1, attack (bó ṣe yá tó láti mú un) 20 sí 30 ms (ms kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), kó má mú ju 3 dB lọ. Tẹ́ ẹ bá fi compressor tẹ̀ ẹ́ pa, ibi tó ti rọra fọwọ́ bà á àti ibi tó ti lù ú kíkan á di ọ̀kan náà.
6. Automation, ìyẹn kẹ́ ẹ kọ bí fader á ṣe máa lọ sókè sódò sínú project. Bí alágbè bá ti kọrin dé ìparí ìlà, tí ìlù ń dá a lóhùn, ẹ gbé ìlù sókè ní 2 sí 3 dB. Bí alágbè bá padà dé, kí ìlù padà sáyè ẹ̀. Ẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dópin, pẹ̀lú ọwọ́, ẹ má ṣọ̀lẹ. Fún fújì oníṣẹ́jú ogún, ó lè gba ọjọ́ kan gbáko, ó sì tọ́ sí i.

Ìkìlọ̀ gidi: ẹ má fi pitch correction (plugin tó ń tún ohùn tó yà ṣe) kankan sórí gángan láé. Onílù mọ ohùn tó ń lù.

Fún bí wọ́n ṣe máa tò, ẹ kọ́kọ́ dá master padà sí stereo (òsì àti ọ̀tún lọ́tọ̀). Mo máa ń fi ìyáàlù sáàárín tàbí kó yẹ̀ díẹ̀, omele lápá kan, agogo lápá òsì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa ń kún òkè, ní 6 kHz lọ sókè, ibẹ̀ náà sì ni "s" olórin wà, torí náà òun ni kẹ́ ẹ mú rọlẹ̀, kì í ṣe olórin.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n gbà sílẹ̀ pọ̀ nínú yàrá kan, ìlù á ti wọnú máìkì olórin. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé mítà kan jẹ́ nǹkan bíi 3 ms. Ìlù tó wà ní mítà méjì sí máìkì olórin á pẹ́ débẹ̀ ní 6 ms, méjèèjì á sì máa jẹ ara wọn. Ẹ yí polarity ọ̀kan nínú wọn padà (kí ibi tí ìró ti ń lọ sókè di ibi tó ti ń lọ sílẹ̀), ẹ tẹ́tí: èyí tí ara ìlù bá ti kún ju ìkejì lọ, ẹ fi síbẹ̀. Ẹ ò lè yọ ìlù kúrò nínú máìkì yẹn pátápátá o, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ara orin.

## Ohùn

1. High-pass (EQ tó ń gé ìsàlẹ̀ dànù) ní 80 Hz fún ọkùnrin, 100 sí 120 fún obìnrin. Tí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ẹ ti gé e jù.
2. Ibi tí olórin ti sún mọ́ máìkì jù àti ibi tó ti jìnnà sí i, ẹ fi clip gain (fólúùmù ibi kékeré yẹn nìkan) tún un ṣe kẹ́ ẹ tó fi compressor sí i.
3. Compressor méjì tó ń rọra ṣiṣẹ́ dáa ju ọ̀kan tó ń pa ohùn lọ. Kí ọ̀kan mú 3 dB, kí ìkejì náà mú bẹ́ẹ̀.
4. De-esser (ó ń rẹ "s" tó ń gún etí sílẹ̀) láàárín 5 sí 8 kHz.
5. Reverb (ìró bíi ti inú gbọ̀ngàn) àti delay (gbohùngbohùn) lórí send (ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí tíràkì ń gbà lọ sídìí wọn), kì í ṣe lórí tíràkì fúnra ẹ̀. Ẹ gé ìsàlẹ̀ 250 Hz kúrò nínú reverb, ẹ fún un ní pre-delay 20 sí 40 ms kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ jáde kí reverb tó tẹ̀lé e.

Orin ìjọ aláṣọ funfun, tí wọ́n ń fa ohùn gùn, lè gba reverb tó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Fújì àti àpàlà, ọ̀rọ̀ wọn ń sáré, reverb gígùn á mú wọn wọnú ara wọn. Delay kúkúrú tó rọlẹ̀ ló bá a mu.

Ọ̀rọ̀ Auto-Tune, plugin tó ń tún ohùn ṣe, wá. Ọdún 1997 ló ti jáde, ó sì wúlò, mi ò bá a jà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé retune speed (bó ṣe ń yára fa ohùn) sí òdo fún ẹni tó ń kọ fújì, tẹ́ ẹ tún wá yan key (àwọn ohùn tí orin wà nínú ẹ̀) kan gbọin-gbọin, gbogbo ibi tó ti ń yí ohùn, tó ń gbé e gorí tó ń mú un sọ̀kalẹ̀ láàárín ohùn méjì, á di àtẹ̀gùn. Èyí tó burú jù ni pé Yorùbá ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: plugin á gbé ohùn kan sókè, ọ̀rọ̀ olórin á sì di nǹkan míì. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe dípò ẹ̀:

- Ẹ lo retune speed tó lọ́ra, 40 ms lọ sókè, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa.
- Tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ tún ibi tó yà nìkan ṣe, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀.
- Tàbí kẹ́ ẹ ní kó tún ìlà yẹn kọ.

Tó bá jẹ́ pé ohùn rọ́bọ́ọ̀tì yẹn gan-an ni olórin fẹ́, ẹ ṣe é fún un. Kó jẹ́ yíyàn, kó má jẹ́ àṣà.

## Béèsì tí fóònù ò lè gbé

Sípíkà fóònù kékeré ni, lábẹ́ nǹkan bíi 200 Hz kò sí nǹkan gidi tó ń bọ́ síta nínú ẹ̀. Béèsì tí wọ́n ń pè ní 808 tó ń mi ìjókòó nínú kọ̀rọ̀pẹ̀ lè má wà rárá nínú fóònù. Ẹ má gbé e sókè torí ìyẹn.

1. Ẹ fi saturation díẹ̀ sórí béèsì. Á bí àwọn ìró kéékèèké sókè ẹ̀ tí fóònù lè gbé, ọpọlọ èèyàn á sì fi ìsàlẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un fúnra ẹ̀.
2. Ẹ gé ìsàlẹ̀ 30 Hz.
3. Ẹ pinnu ẹni tó ni ìsàlẹ̀ pátápátá: kick ni àbí béèsì? Tí kick bá ni 60 Hz, kí béèsì jókòó ní 90. Àwọn méjèèjì ò lè jọ ni ibì kan náà.
4. Sidechain: kí béèsì tẹrí ba 2 sí 3 dB tí kick bá wọlé.
5. Gbogbo nǹkan tó wà lábẹ́ 100 Hz, kó wà ní mono.

## Yàrá, àti tí ò bá sí owó sípíkà

Páálí ẹyin tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ò ṣe nǹkan kan fún béèsì, kò sì dí ariwo àdúgbò. Ẹ gbé fóòmù ìbùsùn tó nípọn dúró sí igun yàrá, ẹ fi kọ́tìnì wúwo sí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí aṣọ pọ̀ lẹ́yìn yín, ó jù ú lọ fíìfíì. Ẹ má gbé tábìlì sínú igun. Kí sípíkà méjèèjì àti orí yín jẹ́ igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dọ́gba.

Tó bá jẹ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù nìkan lẹ ní, ẹ pa bass boost ẹ̀, ẹ wá orin méjì tàbí mẹ́ta tó jáde tẹ́ ẹ mọ̀ dénú, irú kan náà pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ ń ṣe, ẹ gbé wọn sínú project, ẹ rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ kí fólúùmù wọn bá tiyín dọ́gba, kẹ́ ẹ máa fi wé e. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá lè fi BandLab bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni.

## Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù

- Ẹ solo tíràkì kan, ẹ ń EQ ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dùn lóun nìkan, kò bá àwọn yòókù gbé. Inú orin ni kẹ́ ẹ ti máa tún un ṣe.
- Limiter (ohun tó ń dá ìró dúró kó má kọjá ibì kan) lórí master látìbẹ̀rẹ̀, torí kó lè pariwo bíi ti àwọn tó lórúkọ.
- Preset (ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) tó ń jẹ́ "Male Vocal". Ẹni tó ṣe é ò gbọ́ olórin yín rí.
- Míìsì láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí láìdìde. Etí tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ òkè mọ́, ẹ ẹ́ máa fi treble kún un láìmọ̀. Ẹ sinmi lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan.
- Àwọn èèyàn mẹ́fà tó jókòó sẹ́yìn yín tí gbogbo wọn ń sọ pé kẹ́ ẹ gbé tiwọn sókè. Ẹni kan ni kó máa sọ̀rọ̀, olórin tàbí producer.

## Ìdánwò

- Fóònù tí ò gbówó lórí: ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀? Ṣé gángan wà?
- Kọ̀rọ̀pẹ̀ tàbí mọ́tò ẹnìkan: ṣé béèsì ò bo ohùn?
- Sípíkà ńlá òde ìnáwó. Mono ni púpọ̀ nínú wọn, elégbè tẹ́ ẹ tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú stereo widener (plugin tó ń fẹ ìró sí òsì àti ọ̀tún) lè pòórá níbẹ̀.
- Ẹ fi sí i nínú yàrá, ẹ bọ́ síta, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bí ohùn bá ṣì ń ta yọ, ó ti ń bọ̀ nìyẹn.
- Ẹ fún ẹni tí kì í ṣe olórin gbọ́, kó sọ ohun tí olórin wí. Ibi tó bá ti ń méfò, ẹ padà síbẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo àbùkù sínú ìwé kẹ́ ẹ tó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe ju àtúnṣe márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan.

## Bẹ́ ẹ ṣe máa fi ránṣẹ́

Tí ẹlòmíì bá máa ṣe mastering (àtúnṣe ìkẹyìn kí orin tó jáde), ẹ yọ limiter kúrò, ẹ fi àyè -6 dB yẹn sílẹ̀, WAV 24-bit. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é, kí true peak (ibi tí ìró ga dé gan-an) má kọjá -1 dB. Spotify máa ń rẹ orin sílẹ̀ sí nǹkan bíi -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí odidi orin ṣe pariwo tó), torí náà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa dé -6 LUFS, wọ́n á fà á wálẹ̀ padà, ìpalára tẹ́ ẹ ṣe sí i nìkan ló máa kù.

Ẹ gbé ẹ̀dà márùn-ún jáde: míìsì gangan, èyí tí ohùn fi 1 dB ga, èyí tí ohùn fi 1 dB rẹlẹ̀, instrumental, àti èyí tí ohùn alágbè ò sí ṣùgbọ́n tí elégbè àti ìlù wà níbẹ̀. Ìkarùn-ún yẹn ni olórin máa fi kọrin lórí ìtàgé níbi tí ẹgbẹ́ ò bá ti lè bá a lọ, kò sì ní rántí béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín títí di alẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la tí wọ́n máa lọ ṣeré.